A Kí I, A Kò Wò Ó

Obìnrin kan tó ń ránṣọ ní Gwagwalada ló kọ́kọ́ sọ ìdí ọ̀rọ̀ yìí fún mi, lọ́jọ́ tó ń wọn ìbàdí mi fún ṣòkòtò. Ìyókù ni mo fojú ara mi rí, tí mo sì lọ́wọ́ sí. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é, àti ẹni tó jù ú lọ àti ẹni tí kò tó o. Abẹ́ igi dongoyárò ni ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà, lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìròyìn ilé, ibẹ̀ ló ń yà sí, bí aṣọ rẹ̀ kò tilẹ̀ ya.

"Wọ́n gbé ọkọ mi," ó ní. Pínnì mẹ́ta ló há sáàárín ètè rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹnu ló sì fi ń sọ̀rọ̀. "Ọkọ mi ò kú o, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé òkú ni wọ́n gbé e."

Kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́. Àwa ọmọ Okun tí a wá ṣiṣẹ́ ní Àbújá nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju ilé lọ níbẹ̀, a ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ wa sì ní àṣà kan tí a fi ń yangàn: ọmọ wa kankan kò gbọdọ̀ sùn sínú ilẹ̀ àjèjì. Ẹni tó bá kú, a ó gbé e relé. A ní ìgbìmọ̀ fún un, àwọn ọkùnrin alágbára tó mọ bí a ṣe ń di òkú mọ́ inú lọ́rì kó má baà yí. Nígbà tó wá di pé orí ẹnì kan dàrú láàárín wa, ìgbìmọ̀ kan náà ni a rán sí i. Kì í ṣe ìwà ìkà. Ìfẹ́ ni a pè é. Ilé ṣáà ni àbọ̀ sinmi oko.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé ọkọ Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó ń jó irin, sáàárín àpò iyọ̀. Aṣọ rírọ̀ ni wọ́n fi dè é, kó má baà dùn ún. Wọ́n fà á lé ilé àdúrà kan lọ́wọ́, wọ́n padà wá sí ìpàdé, wọ́n ní, "A ti gbé e délé." Ìpàdé pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó tún bèèrè rẹ̀ mọ́. Ọdún mẹ́ta ló lò nínú ṣẹkẹṣẹkẹ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ rí owó ọkọ̀ lọ yọ ọ́, orúnkún rẹ̀ kò nà mọ́. Ó wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ di òní, ó ń hun agbọ̀n, kì í sì í béèrè ohunkóhun nípa Àbújá.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ ń sọ èyí fún mi lónìí?"

Ó yọ pínnì lẹ́nu, ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Àbúrò mi ni. Ó ti bẹ̀rẹ̀."

Mo mọ àbúrò náà dáadáa. Bíríkìlà ni. Èmi ni mo ń wa píkọ́ọ̀pù tó ń kó òṣìṣẹ́ láti Gwagwalada lọ sí Maitama, níbi tí a ti ń kọ́ ilé ńláńlá fún àwọn ọlọ́lá tí a kò tíì rí sójú. Ọdún kejì lẹ́yìn tí ìjọba ológun yí àwọ̀ owó náírà padà ni. Òun ní tirẹ̀ ń gbé ní Wuye, nínú yàrá kan tó gbà lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tó jẹ́ Gbàgyí, torí náà mi ò kì í gbé e. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn wá. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n lóṣù yẹn, yóò to búlọ́ọ̀kù ní ìlà mẹ́ta, yóò dúró wò ó, yóò sì wó o. Ó ní kò tọ́. Fóòmàànù fi okùn wọ̀n ọ́n, ó tọ́ bí ìbọn. Ó tún wó o. Nígbà tó wó ògiri kan náà lẹ́ẹ̀kẹrin, fóòmàànù ní kó máa lọ ilé ná.

Ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú, Bàbá Alága gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Kíláàsì àwọn ọmọ kékeré ni a ti ń ṣèpàdé, àgbàlagbà á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, orúnkún á sì kan àgbọ̀n. Bàbá Alága ló ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù níbi iṣẹ́ wa, ènìyàn rere ni, ohùn rẹ̀ sì máa ń jinlẹ̀ bí ẹni pé inú àgbá ló ti ń sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Lọ́rì kan ń gbé sìmẹ́ńtì relé ní Sátidé. Àyè ọmọkùnrin yẹn wà nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀, ẹ múra."

Ẹ̀gbọ́n dìde. "Ẹ ò ní gbé e."

"Ìwọ obìnrin yìí, àánú rẹ̀ ló ń ṣe wá."

"Àánú ọkọ mi náà ṣe yín. Ẹ wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀!"

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, n kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, kíkọ ni mo ń kọ. N kò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè di Sátidé náà.

"Akọ̀wé," Bàbá ní, "kí lo fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́fà ṣe? Ṣé wàá kọ ìwé sí wèrè ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n fún mi.

Ọjọ́ Ajé, mo lọ bá ọmọ Ìlọrin kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Gwagwalada, tó sì mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ. Ó ń jẹ ẹ̀wà lórí àga gbọọrọ nígbà tí mo dé. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ jókòó. Oògùn wà lọ́dọ̀ wa. Ènìyàn wà lọ́dọ̀ yín. Ọ̀nà tó so wá pọ̀ ni kò sí. Kí ẹ tó mú ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ ti gbé e yí gbogbo ayé po, gbogbo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á ti di egbò. Dókítà tó ń wo irú àìsàn yìí máa ń ti ìlú mìíràn wá ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ mú un wá ní Ọjọ́bọ̀. Kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé o."

Mo fa bébà ya lára àpò sìmẹ́ńtì kan tó wà nínú ọkọ̀ mi, ó sì ń bi mí, mo ń kọ. Ta ni yóò máa wo ọmọkùnrin náà láràárọ̀ kí nǹkan tó burú? Bí onítọ̀hún bá rí nǹkan, ta ni yóò sọ fún? Ta ni yóò mú un wá, ta ni yóò máa rí i pé ó lo oògùn rẹ̀, ta ni yóò lọ bẹ fóòmàànù kó má fi ẹlòmíràn sípò rẹ̀? Níbi gbogbo tí mo bá ti kọ "ẹgbẹ́", ó ní kí n pa á rẹ́. "Orúkọ ènìyàn ni kí ẹ kọ. Ẹgbẹ́ kì í jí láàárọ̀."

Mo fi bébà náà han pásítọ̀ wa. Mo fi han àáfà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta bàtà lọ́jà. Àwọn méjèèjì gbà pé ẹni tí wọ́n bá mú wá fún àdúrà, àwọn yóò gbàdúrà fún un, àwọn yóò sì júwe ọ̀nà ilé ìwòsàn. Inú mi ń dùn. Mo ń wa ọkọ̀, mo ń súfèé.

Àṣìṣe wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Nígbà tí Bàbá Alága ka bébà náà, ó mi orí, ó ní, "Ẹni tí yóò máa wò ó láràárọ̀, kọ orúkọ mi síbẹ̀. Wuye ni mo ń gbé, ilé mẹ́ta ló wà láàárín wa." Ta ni èmi tí n ó sọ pé rárá fún àgbà?

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wá mọ̀ pé ìkíni wa ni wọ́n fi ń pè wá. "Okun o" ni a ń kí ara wa láàárọ̀, òun náà ni lọ́sàn-án, títí àwọn ará ibòmíràn fi sọ ọ́ di orúkọ wa. Bàbá Alága dé ẹnu ọ̀nà ọmọkùnrin náà ní ìdájí Túsìdeè.

"Okun o! Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. A dúpẹ́."

"Ara ńkọ́?"

"Ó le, Bàbá."

Bàbá yísẹ̀ padà. Bó ṣe rí ní Wẹ́sìdeè náà nìyẹn. Àgbà bi ọmọdé ní àlàáfíà, ọmọdé dáhùn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa wo ni yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ kùtù, tí yóò sọ fún bàbá arúgbó pé kò sí àlàáfíà? Èmi náà kò sàn jù ú. Ẹ̀gbọ́n ń fi oúnjẹ rán mi sí i lójoojúmọ́, nínú abọ́ tánganran ọlọ́mọrí. Mo máa ń ya Wuye, mo máa ń kan ilẹ̀kùn, yóò yọ ọwọ́ méjèèjì síta gbà á, yóò ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n." Mo ti wa ọkọ̀ mi lọ nìyẹn.

Ní ọ̀sán Wẹ́sìdeè, Bàbá pè mí sí ilé ìkẹ́rù. "Akọ̀wé, kò sí nǹkan tó ṣe ọmọ yẹn. Ó ń dá mi lóhùn geere. Ẹ má da ara yín láàmú lọ sí ilé ìwòsàn lọ́la." Mo sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ó wò mí títí, ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ọjọ́bọ̀ dé, a kò lọ.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn ni mo lọ kó pákó ní Wuye. Ìyá Gbàgyí tó ni ilé náà ń bọ̀ láti ibi omi, igbá omi lórí èjìká bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe máa ń gbé e. Ó rí ọkọ̀ mi, ó sọ igbá kalẹ̀, ó fà mí láṣọ wọ inú ilé. Èdè Hausa ni a jọ ń sọ, mo gbọ́ ọ díẹ̀.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọmọkùnrin náà ni abọ́ mẹ́rin tò sí, ọ̀kan nídìí èkejì, wọ́n tọ́ bí ẹni fi okùn wọ̀n wọ́n. Ẹ̀wà ọjọ́ Ajé ti hu irun funfun. Ti Túsìdeè, èèrà ló ń jẹ ẹ́. Kò fọwọ́ kan ọ̀kankan. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí ẹní, ó kọjú sí ògiri, ó ń fi ìka tọ ipa ibi tí amọ̀ ti là. Egungun èjìká rẹ̀ ti yọ. Mo kí i. Ó ní, "Àlàáfíà ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kai!" ni ìyá àgbà náà ní lẹ́yìn mi. "Ẹ ń kí i, ẹ ń kí i. Ẹ ò wò ó!"

Ó ní òun ti sọ fún Bàbá onírùngbọ̀n láti Túsìdeè pé ọmọ yìí kì í jẹun, kì í sì í sùn. Bàbá ní "yauwa, yauwa", ó juwọ́ sí i, ó kọjá lọ. Ẹ má bínú sí Bàbá. Gbogbo Hausa tó gbọ́ kò ju ìkíni lọ.

Nígbà tí mo ròyìn fún Bàbá, ó jókòó lé àpò sìmẹ́ńtì gbì. Ojú tì í, ojú títì náà ló sì sọ ọ́ di líle. "Ó tán. Sátidé ni. Kí ọmọ ọlọ́mọ má kú sí mi lọ́wọ́. Ìgbìmọ̀ á wá bá mi níbẹ̀ lọ́la, ká mú un sílẹ̀ de lọ́rì."

Mo sáré wa ọkọ̀ lọ sí Gwagwalada. Dókítà ti parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ọmọ Ìlọrin lọ bá a sọ̀rọ̀, ó padà wá, ó ní, "Àárọ̀ ọ̀la ló ń lọ. Bí ẹ bá dé kí aago mẹ́jọ tó lù, yóò rí i. Bọ̀dá, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé o."

Àárọ̀ Jímọ̀, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́, èmi àti Ẹ̀gbọ́n ti wà ní Wuye. Ó bẹ àbúrò rẹ̀, ó fi oríkì pè é, ó fi ìyá wọn bẹ̀ ẹ́. "Àlàáfíà ni mo wà, ẹ̀gbọ́n mi," ló ń wí, kò sì dìde lórí ẹní. Bàbá Alága dé pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Ọ̀kan nínú wọn fi ọwọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n mo rí okùn. Ẹ̀gbọ́n náà rí i. Ó lọ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó na apá méjèèjì.

"Ẹ ó kọ́kọ́ gbé èmi," ó ní.

Àkókò ń lọ. Mo lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọkùnrin náà. Gbogbo orúkọ tó wà lórí bébà mi ti sọ̀rọ̀ tán, kò gbọ́ tẹnìkan. Mo ní, "Àbúrò, ó dáa. Nínú gbogbo ayé yìí, ta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń wọ̀ ọ́ létí? Ta ni ká pè?"

Ó fi àgbọ̀n júwe àgbàlá. Ìyá Gbàgyí náà ló wà níbẹ̀, tó ń da omi sínú ìkòkò.

Orúkọ rẹ̀ kò sí lórí bébà mi. Ta ni ì bá kọ ọ́ síbẹ̀? Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, kò gbọ́ èdè wa.

Ó gba abẹ́ apá Ẹ̀gbọ́n wọlé, ó jókòó sílẹ̀, kò bi í ní nǹkan kan. Ó bu omi sínú igbá kékeré, ó mu ìdajì, ó na ìyókù sí i. Ọmọkùnrin náà gbà á, ó mu ún tán. Ìyá nu ẹnu ara rẹ̀, ó ní, "Dìde, ká lọ." Ó dìde.

N kò lè ṣàlàyé rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn méjì yìí ti ń mu omi pọ̀ láràárọ̀ fún ọdún méjì, a kò mọ̀. Bàbá Alága yíjú sí ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Sọ nǹkan ọwọ́ rẹ yẹn nù."

Iwájú ni ọmọkùnrin náà jókòó, láàárín èmi àti ìyá àgbà. Ẹ̀gbọ́n àti Bàbá wà lẹ́yìn nínú afẹ́fẹ́, Bàbá ń fi ọwọ́ méjèèjì di fìlà mú. Ìyá àgbà kò tíì jókòó níwájú ọkọ̀ rí. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń bú mi pé eré mi pọ̀, pé ta ló ń lé mi. Bí a ṣe ku díẹ̀ ká dé, mo gbọ́ tí ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, fínnífínní, láti imú. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n dín eré kù.

Dókítà ti gbé àpò rẹ̀ sínú mọ́tò nígbà tí a dé. Ó wo ọmọkùnrin tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ bọ̀, ó sì tún gbé àpò náà jáde. Wọ́n pẹ́ nínú yàrá. Dókítà kò bi ẹnikẹ́ni pé ṣé àlàáfíà ni. Ó ní, kí ló jẹ lánàá? Ìgbà wo ló sùn kẹ́yìn? Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ nígbà tó bá dá wà? Ìyá Gbàgyí ló ń dáhùn, nọ́ọ̀sì ń túmọ̀, àwa ẹbí àti ará ilé dúró bí àlejò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, dókítà ní àìsàn tó ní ìtọ́jú ni, pé kí a fi í sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ ò ní dè é?"

"Ìyá," nọ́ọ̀sì dá a lóhùn, "bẹ́ẹ̀dì ló wà níbí. Ẹ wọlé wá wò ó."

Ó wọlé wò ó. Ó tẹ mátíràsì náà lọ́wọ́ bí ẹni tó ń yẹ aṣọ wò. Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, ó fi orí ti ògiri, ó sì sùn lọ lójú gbogbo wa, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ní ọ̀sán gangan. Bàbá bọ́ agbádá rẹ̀ bò ó.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo wà níbẹ̀ nígbà tí lọ́rì ń gbéra. Sìmẹ́ńtì nìkan ló wà nínú rẹ̀, àyè ènìyàn kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ tápólì. Awakọ̀ ní, "Ẹni tí ẹ ní ká gbé dà?"

"Ó ń sùn," ni Bàbá Alága wí. Bó ṣe sọ ọ́, ẹ ó rò pé ọmọ tuntun ló ń ròyìn. Mo mí kanlẹ̀, bí ẹni sọ ẹrù kalẹ̀.

Àsìkò ìpàdé tó tẹ̀lé e, Bàbá kò jẹ́ kí n ka ìwé kankan. Ó dìde fúnra rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kí ọmọ yẹn, òun náà kí mi padà, ó kù díẹ̀ kí n kí i wọ ibojì. Láti òní, ìgbìmọ̀ tó ń gbé òkú kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan alààyè. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹnìkejì rẹ̀ ṣe wà, kó wọlé, kó jókòó, kó bá a jẹun." Ó ní kí a kọ bébà náà lákọ̀tun, kí olúkúlùkù sì fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò wọ̀ ọ́ létí lọ́jọ́ tí nǹkan bá rú u lójú, ìbáà jẹ́ Gbàgyí, ìbáà jẹ́ Hausa.

Ẹ wò ó, ariwo pọ̀ lọ́jọ́ náà! Ọkùnrin kan dárúkọ ìyá ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Òmíràn dárúkọ ẹni tó ń gẹ irun rẹ̀. Nígbà tó kan Bàbá Alága, ó fẹnu sí mi létí: "Kọ ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n má kà á síta."

"A ti gbọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ẹ̀yìn.

Ọmọkùnrin náà padà sẹ́nu iṣẹ́ kí òjò tó dá, oògùn rẹ̀ nínú àpò àyà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń wá kà á lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ti bímọ báyìí. Lẹ́yìn rẹ̀, a tún mú ẹlòmíràn gba ọ̀nà kan náà, àti òmíràn, ẹnikẹ́ni kò sì tún gun lọ́rì.

Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ fún ọ. Lọ́jọ́ tí à ń kọ orúkọ yẹn, nígbà tó kàn mí, bírò mi dúró sórí bébà. Èmi tí mò ń kí ogún ènìyàn láràárọ̀ nínú ọkọ̀! Wọ́n dúró dè mí títí oòrùn fi yẹ̀ lójú fèrèsé kí n tó rí ẹnì kan kọ. Ìwọ tó ń gbọ́ mi yìí ńkọ́: bó bá di ọjọ́ tí ẹnu rẹ ń sọ pé àlàáfíà ni, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, ta ni kí á lọ pè fún ọ?